Ẹni Tó Di Okùn Mú Kì í Kí Ènìyàn

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lábẹ́ omi ni èémí ara mi. Ó ń wọlé, ó ń jáde nínú páìpù rọ́bà tí mo fi eyín dì mú, ó ń dún hàà, hùù, bí èémí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, dídún rẹ̀ gan-an sì ń dá kún ẹ̀rù mi. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà ilé. Omi náà kò mù mí dé àyà. Mo gbá òpó ilé mú tọwọ́tẹsẹ̀, ojú lásán ni mo tẹ̀ bọ omi, síbẹ̀ ọkàn mi ń sọ fún mi pé òní ni wọn yóò ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Òkè-Ògùn pé omi ti gbé ọmọ wọn lọ.

Ọmọ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mí. Àpáta ló yí ìlú wa ká, odò tó tóbi jù níbẹ̀ kì í kọjá orúnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ní Ìlàjẹ ni mò ń lọ, ní abúlé apẹja kan tí kò jìnnà sí Zion Pepe, bàbá mi bi mí pé, "Ṣé ọ̀nà wà níbẹ̀?" Mo ní ọ̀nà wà. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀nà tó wà níbẹ̀, omi ni. Ọkọ̀ la fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń tù wá sílé-ìwé, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí ń lo àjẹ̀ bí ẹni ń fi ọwọ́ họ orí.

Ilé tí mo wọ̀ sí dúró lórí òpó lójú omi. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ló ni ín. Bàbá Onílé àti Màmá Onílé ni mò ń pè wọ́n. Òmùwẹ̀ ni Bàbá Onílé. Òkun ti gba ilé púpọ̀ ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n òpó àwọn ilé náà ṣì wà nísàlẹ̀ omi, wọn a sì máa kọ́ àwọ̀n àwọn apẹja. Bí àwọ̀n bá ti kọ́, Bàbá ni wọn yóò ké sí. Bàbá kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n. Awò kan lójú, ọ̀bẹ kan lọ́wọ́, okùn kan níbàdí, èémí kan ṣoṣo nínú àyà, ó parí. Màmá ni yóò jókòó sínú ọkọ̀, tí yóò di ìpẹ̀kun okùn náà mú.

Èmi tí mo ti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gbà pé mo ti di ẹja. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n jẹ́ kí n rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo sọ nù síbẹ̀. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan nù, mo kàn fẹ́ wò ó ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá mú awò mìíràn àti páìpù kan jáde, èyí tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo kan tó ti gbé ilé náà rí fi sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi di òpó mú. Mò ń kánjú, Bàbá ò kánjú. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ẹni tí kò bá lè mí jẹ́jẹ́ lókè kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n jẹ́ kí n dojú bolẹ̀ kí n léfòó, páìpù lẹ́nu, okùn níbàdí, kí n máa wo ìsàlẹ̀ láì rì. Ìgbà tí omi òkun bá ń kún wọlé nìkan ni a ń ṣe é, nítorí ìgbà náà ni omi máa ń mọ́ díẹ̀. Bó bá ti ń fà padà, mi ò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rì bí ìwọ̀n ìdúró ènìyàn kan, wọ́n kọ́ mi kí n di imú, kí n rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí. Bí etí bá ń ro mí, kí n padà, nítorí etí kì í purọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ máa mí lemọ́lemọ́ kí n tó wọlé bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fáàrí ti máa ń ṣe. "Àyà ara rẹ̀ lẹni bẹ́ẹ̀ ń tàn jẹ," ni wọ́n wí. "Àyà ò ní sọ fún un mọ́ pé èémí ti ń tán. Á kàn sùn lọ ni." Mẹkáníìkì kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe tilẹ̀ gbà wá nímọ̀ràn pé ká so rọ́bà gígùn mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, kí n máa ti ibẹ̀ mí. Bàbá ní kó lọ fi èéfín ẹ̀rọ rẹ̀ yan ẹja.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù ni òfin okùn. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ omi. A kì í sì í so okùn mọ́ ọkọ̀, nítorí igi kò mọ nǹkan lára. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọdọ̀ wà. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, "Mo wà dáadáa" ni, ẹni tó wà lókè á sì fà á padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, "Fà mí sókè" ni, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹni tó di okùn mú kì í bẹ́ sómi, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Kì í sì í kí ènìyàn.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ti kọ́kọ́ mú mi bínú sí Màmá Onílé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mò ń bọ̀ láti ilé-ìwé, mo rí wọn nínú ọkọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ tó gbé mi, mo kí wọn kúuṣẹ́. Wọn ò wojú mi. Mo tún kí wọn. Wọ́n dákẹ́. Mo ní àwọn ará ibí yìí ò mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá bá mi ní yàrá, wọ́n ń kí mi bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra, mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọma mi," bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ níbẹ̀ nìyẹn, "ọwọ́ mi ló ń gbọ́rọ̀ nígbà yẹn. Bí ẹnu mi bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ò ní gbọ́ mọ́. Ọba ì báà kọjá, ẹni tó di okùn mú kì í kí ènìyàn." Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi ló gbọ́. Orúnkún mi ò gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni. Ẹja ọ̀bọ̀kún ti fi ẹ̀gún gún Màmá lọ́wọ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ọwọ́ náà sì wú. Apẹja kan wá pé àwọ̀n òun ti kọ́ mọ́ òpó láti àná, pé bí omi bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọ̀n náà ya nìyẹn. Bàbá ní, "Tísà ni yóò di okùn mú fún mi." Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó fẹ́ràn àtimáa kí ènìyàn jù," ni wọ́n wí. Ó dùn mí. Mo ti lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn, mo sì ti di okùn mú fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ṣèlérí pé mi ò ní la ẹnu.

Èmi àti Bàbá nìkan tu ọkọ̀ dé ibi tí àwọ̀n kọ́ sí. Kò jìnnà sílé, bí ènìyàn bá pariwo wọ́n lè gbọ́. Orí òpó kan yọ díẹ̀ lójú omi, àwọn yòókù wà nísàlẹ̀. Bàbá wọlé lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n jáde. Wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Láàárín ìwọlé kan sí èkejì, wọn a sinmi pẹ́, wọn a máa mí jẹ́jẹ́, ọwọ́ wọn á wà létí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti wà nísàlẹ̀, okùn á máa bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà á máa fèsì. Ọkàn mi balẹ̀, mo tilẹ̀ ń wú fùkẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan yọ. Àwọn tó mọ omi, bí wọ́n bá rí okùn lọ́wọ́ ènìyàn, wọn a pa ẹ́ńjìnnì, wọn a dákẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé wa ló wà nínú èyí, ará Èkìtì tí wọn ò tíì lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa, tí àwọn fúnra wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. "Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o!" ni wọ́n ké. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Ìkúùkù ìyá mi ló kọ́ mi láti kékeré pé ọmọ kì í di nǹkan mọ́wọ́ kí àgbà, nítorí náà mo fi okùn sábẹ́ orúnkún kó má baà sá lọ. Ọgbọ́n mi nìyẹn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn sà. Ilé ńkọ́ sà? Àwọn ọmọ ńkọ́ sà?" Wọ́n ní dáadáa ni wọ́n wà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ ìwé ìmúra iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ní mo ti ń kọ ọ́ sà. Ìgbì tí ọkọ̀ wọn dá sílẹ̀ ti ọkọ̀ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n juwọ́, wọ́n lọ.

Mo mú okùn. Ó le gbagidi. Ìgbì ti gbé ọkọ̀ mi yí òpó, okùn sì ti kọ́ mọ́ òpó náà lábẹ́ omi. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, kò sí èsì. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òpó nìkan ló ń dá mi lóhùn. Ó wá yé mi pé okùn tó yẹ kó fa Bàbá sókè ló ti so wọ́n mọ́lẹ̀ báyìí. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti fà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mò ń béèrè àwọn ọmọ ọ̀gá, tí orúnkún mi wà lórí rẹ̀. Mo pariwo, "Màmá o! Màmá o!" Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀ kí n bẹ́ sómi kí n tó rántí pé ẹni tó di okùn mú kì í bẹ́. Bí mo bá bẹ́, ta ni yóò fa ènìyàn méjì? Mo jókòó padà. Mo gbá àjẹ̀ mú, èmi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ń ṣẹ̀sín pé mò ń tukọ̀ bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú padà yí òpó. Ọkọ̀ ń pòyì lójú kan, mò ń sunkún, mò ń tù ú. Ó yí. Okùn dẹ̀. Mo ju àjẹ̀ sílẹ̀, mo fà, mo fà, mo fà.

Orí Bàbá yọ. Awò ti yẹ̀ lójú wọn, ètè wọn ti ṣú. Wọ́n gbá etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń wúkọ́, omi ń jáde nímú wọn. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ń táràrà wá ibi tí wọn yóò ti gé okùn nígbà tó dẹ̀. Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Ta ló kọjá?"

Mo ní, "Ọ̀gá ilé-ìwé wa ni sà."

Wọ́n tún wúkọ́. "Ṣé dáadáa ni wọ́n wà?"

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Màmá kò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ tí wọn ò dáhùn, wọ́n á gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, wọ́n á lọ. Mo di ẹrù mi sínú báàgì, mo tún tú u, ojú ń tì mí láti lọ, ojú ń tì mí láti dúró. Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá fi okùn lé mi lọ́wọ́ lórí pákó iwájú ilé. Bàbá dúró nínú omi nísàlẹ̀, wọ́n ń fà á. Màmá dúró tì mí, wọ́n ń kí mi. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ewu ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbàkúùgbà tí ẹnu mi bá ṣí, wọ́n á da igbá omi lé mi lórí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yìn mí, wọ́n ti fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ti ní ilé ń jó, mi ò la ẹnu. Màmá ní, "Ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ tó kù náà dé nígbà ọlidé Àjíǹde. Bàbá mi ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo irú ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ò gbà á, wọ́n dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Bàbá Onílé wà nísàlẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ èrò kan pa ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń sún mọ́ wa, nítorí àtukọ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni mo gbọ́ oríkì mi. Ẹ mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ, pàápàá láti ẹnu bàbá tó bí i. Ọrùn mi fẹ́ yí. Mo tẹjú mọ́ ibi tí okùn ti wọ omi. Wọ́n tún pè mí. "Èmi ni o! Èmi bàbá ẹ ni!" Okùn fà lẹ́ẹ̀kan, mo fà á padà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi débi pé mo gbọ́ òórùn tábà wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n fi ohùn kékeré bi àtukọ̀ pé, "Àbí ọmọ mi kọ́ nìyí ni?" Omi kún ojú mi, mi ò lè nù ún, ọwọ́ mi ò sí nílẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Onílé jáde tí a sì délé, bàbá mi ti jókòó, wọ́n dojú kọ ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn títí. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn ò mọ ẹni tí mo jẹ́, pé omi ti gba ìwà lọ́wọ́ ọmọ àwọn. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá Onílé, tí omi ṣì ń ro lára wọn, jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ti ọ̀gá ilé-ìwé. Bàbá mi ṣì kọjú sí ògiri. Ni Bàbá Onílé bá dìde, wọ́n so okùn mọ́ mi níbàdí, wọ́n fi ìpẹ̀kun rẹ̀ lé bàbá mi lọ́wọ́, wọ́n ṣàlàyé fífà kan àti fífà méjì fún wọn, wọ́n ní kí n wọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà. Àwọn fúnra wọn sì wọ̀ ọ́, wọ́n dúró tì mí.

Omi ń kún lọ́wọ́, ó mọ́. Mo mí jẹ́jẹ́, mo di èémí, mo rì. Mo rí òpó ilé tí ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́, mo rí àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n tò sójú kan bí akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà, mo rí ẹsẹ̀ Bàbá Onílé nínú ẹrẹ̀. Ibi tó ti ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ yìí wá, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Bàbá mi fà á padà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sínú omi. Nígbà tí mo jáde, Màmá Onílé ń ké lórí pákó pé, "Mo ti kí bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò dá mi lóhùn o!" Bàbá mi ò tilẹ̀ gbọ́. Ojú wọn wà lórí okùn.

Mo ti kúrò ní Ìlàjẹ báyìí, ó ti pẹ́ díẹ̀. Òkun ti gba ilé orí òpó yẹn náà. Tọkọtaya náà ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn nílẹ̀ gbígbẹ, Bàbá Onílé sì ń ráhùn lórí fóònù pé àwọn ò rí oorun sùn dáadáa lórí ilẹ̀ tí kì í mì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ lọ wo abẹ́ omi, mi kì í kọ́kọ́ bi í léèrè awò tàbí páìpù. Mo máa ń bi í pé ta ni yóò di okùn mú fún un.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, mo padà sílé lọ tọ́jú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó ti ibùsùn, mo di ọwọ́ wọn mú, mò ń gbọ́ bí èémí wọn ti ń wọlé tó ń jáde, hàà, hùù. Àwọn ẹbí ń wọlé. Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ kú aájò o. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́ ti sọ mí di agbéraga, pé ẹ wo bí mo ti jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí a ò kọ́. Bàbá mi la ojú. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó di okùn mú ni."

Wọ́n tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ tiwọn padà lẹ́ẹ̀kan. Mo wá dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo ara ni mo fi dúró dè é, nítorí ká ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ti ṣe láti fà wọ́n padà. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, títí èémí wọn fi dúró.